Histone kì í jókòó jẹ́ẹ́: ohun tí mo rí lẹ́yìn oríta àdàkọ DNA

Inú ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni mo ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí histone, àwọn pròtéènì tí DNA ń wé mọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ bayokẹ́mísìrì ní yunifásítì nílé, kò sí owó tí a ó fi máa sin sẹ́ẹ̀lì ènìyàn nínú àwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà kò jìnnà sí wa. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ì bá dà sí gọ́tà ni a máa ń gbà lọ́wọ́ wọn, a ó dà á sínú ike tí a ti bu citrate sí kí ó má baà dì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ kò rí bíi tiwa. Tiwa ti ta nucleus rẹ̀, àpò tí DNA wà nínú rẹ̀, nù kí ó tó bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ti ẹyẹ a máa gbé tirẹ̀ kiri títí tí yóò fi kú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ fi rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ goose ni Albrecht Kossel, onímọ̀ ará Jámánì, lò ní 1884 nígbà tó yọ àwọn pròtéènì wọ̀nyí jáde tó sì sọ wọ́n ní histone. Ohun tí àwa náà ṣe kò le: fọ sẹ́ẹ̀lì, fọ́ awọ rẹ̀, kó nucleus jọ, da ásíìdì tí kò lágbára lé e lórí. Histone á yọ́ sínú ásíìdì, DNA á kù sílẹ̀.

Bí a bá gbé histone yẹn sórí jẹ́ẹ̀lì tí a sì fi iná mànàmáná fà á, ìlà mélòó kan péré ló máa ń hàn: H3, H2B, H2A, H4, H1 lókè, àti H5 tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ ní pàtàkì. Ìlà wọ̀nyẹn a máa mọ́ kedere. Lónìí, lọ́la, adìẹ ìbílẹ̀ tàbí adìẹ òyìnbó, bákan náà ni.

Ohun tí jẹ́ẹ̀lì yẹn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé sẹ́ẹ̀lì tí a ti fa histone yìí yọ ti fẹ̀yìn tì. Sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ tó ti gbó kò ní pín mọ́, kò ní ṣe àdàkọ DNA rẹ̀ mọ́ láéláé, H5 sì ti bá a dì í pinpin. Histone inú rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán inú ìwé tí a fi ń kọ́ wa ṣe yà á: ohun ìdìpọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí DNA má lọ́ mọ́ra lọ. Ìgbà tí mo bọ́ sídìí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ni mo tó rí ìyókù ìtàn náà.

Iṣẹ́ ìdìpọ̀ ọ̀hún kò kéré o, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo, bí a bá nà án tán, gùn tó mítà méjì. Nucleus tó gbà á sínú kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. DNA ní iná nẹ́gẹ́tíìfù lára látòkèdélẹ̀. Histone kún fún lysine àti arginine, méjì lára àwọn èròjà tí a fi ń to pròtéènì, tó ń fún un ní iná pọ́sítíìfù, nítorí náà wọn kì í pẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Histone mẹ́jọ, méjì méjì nínú H2A, H2B, H3 àti H4, á kó ara wọn jọ, DNA tó gùn tó lẹ́tà 147 (lẹ́tà ni mo ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí a fi to DNA) á wé mọ́ wọn, kò ní tó ẹ̀ẹ̀mejì gééré tó fi yí wọn po. Ìdì kan yìí ni nucleosome. Roger Kornberg ló ṣàlàyé bí ó ṣe tò ní 1974. Ní ọdún kan náà ni Ada Olins àti Donald Olins gbé àwòrán jáde láti inú maikirosíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó fi kókó kókó hàn lára okùn DNA. Ní 1997, Karolin Luger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láàbù Timothy Richmond ní Zürich yà á débi tí a ti ń rí ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà. Irú ìdì báyìí tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan.

Ní England, níbi tí mo ti ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé mi, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tó ṣì lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, láti ara ọlẹ̀ èkúté ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í sinmi. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé wọn jáde kúrò nínú ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wà nídìí àdàkọ. Oríta àdàkọ ni mo ń pe ibi tí okùn méjì DNA ti ń pínyà kí wọ́n lè da ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ. Ẹ̀rọ kan ló ṣáájú níbẹ̀, CMG lorúkọ rẹ̀, àkójọ àwọn pròtéènì ni: MCM mẹ́fà tó ṣe òrùka, Cdc45, àti GINS. Okùn DNA kan ṣoṣo ló ń gba inú òrùka yẹn kọjá. Nucleosome kò lè gba ibẹ̀, bó ti wù kó rí. Nítorí náà, kò sí ìdì kan tí oríta bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní tú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú, oríta kan ń rin nǹkan bí lẹ́tà 1,000 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nucleosome kan sì wà ní nǹkan bí lẹ́tà 200 sí ìkejì rẹ̀. Ìdì márùn-ún sí mẹ́wàá nìyẹn tí oríta kọ̀ọ̀kan ń tú láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríta ló sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé DNA lẹ́yìn oríta á wà níhòòhò fún ìgbà díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1977, Steven McKnight àti Oscar Miller fi maikirosíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo DNA ọlẹ̀ eṣinṣin Drosophila nígbà tí àdàkọ ń lọ lọ́wọ́. Apá méjèèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́yìn oríta ti ní nucleosome lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan oríta fúnra rẹ̀. Nígbà tí José Sogo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àyè náà ní 1986 lára DNA SV40, kòkòrò àrùn kan tó ń gbé ara ọ̀bọ, nǹkan bí lẹ́tà 200 sí 300 péré ló wà láàárín oríta àti nucleosome àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ṣe ń tú u níwájú ni a ń dì í lẹ́yìn.

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan báyìí, báwo ni ọmọ ènìyàn ṣe fẹ́ bá a níbẹ̀? Irinṣẹ́ wa ni EdU, ohun tó jọ lẹ́tà T nínú DNA. Bí a bá bu ú sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ àdàkọ á mú un pọ̀ mọ́ DNA tuntun láìfura. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó da fọmalíìnì lé sẹ́ẹ̀lì lórí kí gbogbo nǹkan dúró sí ibi tó wà (ẹni tó bá ti dé mọ́ṣúárì rí mọ òórùn tí mò ń sọ). Lẹ́yìn náà a ó fi kọ́pà so biotin, ohun kékeré kan tó rọrùn láti fi fa nǹkan jáde, mọ́ EdU, a ó fi biotin yẹn fa DNA tuntun jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá dì mọ́ ọn. Ìsopọ̀ alákọ́pà yìí wà lára iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún Carolyn Bertozzi, Morten Meldal àti Barry Sharpless ní ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Fún èmi, ohun tó ń sọ ìbọ̀wọ́ mi di aláwọ̀ búlúù ni.

Nígbàkígbà tí mo bá gbé èsì lọ bá ọ̀gá mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí kó tó wo jẹ́ẹ̀lì rárá: “Ìṣẹ́jú mélòó?” Mo kọ́kọ́ rò pé àṣà ẹnu rẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Ẹ fi EdU sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láàárín ìgbà yẹn, oríta kan ti rin lẹ́tà 10,000 sí 20,000, ìyẹn nucleosome 50 sí 100. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kò tíì lo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láyé. Èyí àkọ́kọ́ ti pé ọmọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí a fà jáde tí a ń pè ní “chromatin tuntun”, ìyẹn DNA tuntun pẹ̀lú histone tó wé mọ́, jẹ́ àdàlù ọjọ́ orí. Ẹni tí kò bá sọ iye ìṣẹ́jú tó fi kó o jọ kò tíì sọ ohun tó rí.

Ìdí nìyí tí a fi máa ń fọ EdU kúrò, tí a ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí a ó sì máa bu díẹ̀ lára wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ọgbọ̀n, ní wákàtí kan, títí lọ. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú DNA kan náà ń yí padà níṣojú yín. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kún fún PCNA, òrùka tó ń di ẹ̀rọ àdàkọ mú sára DNA. H4 tó wà níbẹ̀ ní àmì acetyl, èròjà kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ histone, lórí lysine tó wà ní ipò karùn-ún àti ìkejìlá, àmì tí a fi ń dá histone tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì mọ̀. Bí ẹ bá da micrococcal nuclease sí i, ẹ́ńsáìmù tó máa ń gé DNA láàárín nucleosome sí nucleosome, kíá ló ń jẹ ẹ́, àwọn ìlà orí jẹ́ẹ̀lì a sì máa ṣe bàìbàì. Kí wákàtí kan tó pé, PCNA ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń yọ àmì acetyl kúrò, H1, histone tó ń dì mọ́ ìta nucleosome, ti wọlé, ìdì ti tò ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, nuclease kò sì rí i gé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. DNA kan náà, lẹ́tà kan náà. Aago ló yàtọ̀.

Histone tuntun kì í dá rìn. Iná pọ́sítíìfù ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó mọ ẹni tó yẹ kó bá lọ. Ohunkóhun tó bá rí ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti fi histone sínú túùbù oníke lásán rí: ara ike ni ìdajì rẹ̀ máa ń kù sí, a sì máa ń fi owó gọbọi ra túùbù tí wọ́n ṣe lákànṣe kí èyí má baà ṣẹlẹ̀. Ewu kan náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní 1978, Ron Laskey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí pròtéènì kan nínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ Xenopus, tó ń di histone mú títí yóò fi dé ara DNA láìlẹ̀ mọ́ ohun tí kò yẹ. Lára iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe irú pròtéènì bẹ́ẹ̀ ní alábòójútó. Ní tòsí oríta, alábòójútó kan tó ń jẹ́ ASF1 ló ń gba H3 àti H4 lọ́wọ́, tó ń fà wọ́n lé òmíràn, CAF-1, lọ́wọ́.

CAF-1 yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi rí i. Susan Smith àti Bruce Stillman ní Cold Spring Harbor ní Amẹ́ríkà, ní 1989, mú DNA SV40 tí kò ju lẹ́tà 5,243 lọ, wọ́n fi omi inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ṣe àdàkọ rẹ̀ nínú túùbù. Wọ́n wá ń wá ohun tó ń di histone sórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n rí nínú nucleus ń ṣe ìyàtọ̀: DNA tó ń ṣe àdàkọ lọ́wọ́ ló ń dì, kì í fẹ́ fọwọ́ kan èyí tó jókòó nínú túùbù kan náà láìṣe nǹkan kan. Báwo ló ṣe ń dá a mọ̀? Ìdáhùn dé ní 1999 láti ọ̀dọ̀ Kei-ichi Shibahara àti Stillman: òrùka PCNA tí ẹ̀rọ àdàkọ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni CAF-1 ń wò. Níwọ̀n ìgbà tí òrùka yẹn bá ṣì wà lára DNA, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, ó parí. Àkókò tún nìyẹn.

Okùn méjèèjì kò sì ń jáde bákan náà. Ọ̀kan, tí n ó pè ní okùn aṣíwájú, ń jáde ní gbọọrọ. Ìkejì, okùn atẹ̀lé, ń jáde ní ègé kéékèèké tí wọ́n ń so pọ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Reiji Okazaki àti Tsuneko Okazaki ṣe fi hàn ní Japan ní 1968. Ní 2012, Duncan Smith àti Iestyn Whitehouse wo gígùn àwọn ègé yẹn nínú ìwúkàrà (ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú, tó tún ń mú ẹmu kan) wọ́n sì rí i pé ó bá ìwọ̀n nucleosome mu, nǹkan bí lẹ́tà 165. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó so ègé kan mọ́ ìkejì, nucleosome ti jókòó lé e lórí. Òun ló ń sọ ibi tí ègé yóò parí sí. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo rìn yí ká láàbù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ó jẹ́ ìdìpọ̀ lásán ló ń pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣe àdàkọ!

Àwọn histone àtijọ́ ńkọ́, àwọn tó wà lórí DNA kí oríta tó dé? H2A àti H2B ń ṣí kiri, wọn kì í ka ibi tí wọ́n ti wá sí. H3 àti H4 kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin wọn, H3 méjì àti H4 méjì, sábà máa ń wà pọ̀ láìpínyà, wọ́n á sì padà sórí DNA nítòsí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n sì ru àmì. Bí ìdílé jíìnì kan bá wà ní títì pa, àmì methyl mẹ́ta lórí lysine tó wà ní ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n lára H3, tí a ń kọ ní H3K27me3, sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Níbi tí ogún wà nìyí, ogún náà sì gbọ́dọ̀ di pípín, torí okùn kan ti di méjì.

Nílẹ̀ wa, bí bàbá olóbìnrin púpọ̀ bá kú, ẹbí lè pín ogún rẹ̀ ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, tàbí ní ìdí-igi, kí ìdí aya kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà láìka iye ọmọ. Ní oríta, ìdí-igi ni wọ́n ń pín in. Okùn aṣíwájú jẹ́ ìdí kan, okùn atẹ̀lé jẹ́ ìdí kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìdajì àwọn H3 àti H4 àtijọ́, histone tuntun á sì dí àyè tó kù. Ṣùgbọ́n ta ló ń pín in? Ẹjọ́ yìí pẹ́ nílẹ̀. Ní 1979, Michael Seidman, Arnold Levine àti Harold Weintraub gbé èsì jáde pé ẹ̀gbẹ́ okùn aṣíwájú ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi oògùn dí ṣíṣe pròtéènì tuntun lọ́nà ni wọ́n lò. Àwọn mìíràn ní ìhà méjèèjì ló ń lọ. Kò sí irinṣẹ́ tó lè dá ẹjọ́ náà títí di 2018, ìgbà tí ìwé méjì jáde nínú ìwé ìròyìn Science: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ Anja Groth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ èkúté, èkejì láti ọ̀dọ̀ Zhiguo Zhang àti àwọn tirẹ̀ lórí ìwúkàrà.

Olùpínnilógún méjì ló wà, ìdí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. MCM2, ọ̀kan nínú MCM mẹ́fà tó ṣe òrùka níwájú, ní ìrù kan tó ń di H3 àti H4 mú, òun ló ń rí sí ìpín okùn atẹ̀lé. Tí ẹ bá ba ibi tó fi ń dì wọ́n mú jẹ́, okùn aṣíwájú á kó èyí tó pọ̀ jù. Ní ìhà kejì, Dpb3 àti Dpb4, tí wọ́n jẹ́ apá kan ẹ̀rọ tó ń kọ okùn aṣíwájú, ni wọ́n ń rí sí ìpín tirẹ̀. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìwúkàrà, okùn atẹ̀lé ló ń kó ogún lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá ṣe báyìí fún kì í kú. Mo ti sin sẹ́ẹ̀lì èkúté tí MCM2 rẹ̀ kò lè di histone mú mọ́. Lójú lásán, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwo. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó di nǹkan mìíràn, kó di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tàbí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ni ìṣòro ń yọjú: kò lè yí padà bó ṣe yẹ, jíìnì tó yẹ kó wà ní títì ń ṣí, àmì ti ṣáko. Mo rò pé àwọn tó ń wo iye sẹ́ẹ̀lì tó yè nìkan ti fojú fo nǹkan yìí fún ọdún pípẹ́. Bí a kò bá dúró di ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ yí iṣẹ́ padà, a ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Pípín ní ìdajì fúnra rẹ̀ mú gbèsè wá. Bí oríta bá kọjá, H3K27me3 tó wà ní ibì kan ti dín sí ìdajì, torí histone tuntun tó dí àyè kò ní àmì yẹn. PRC2, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ àmì náà, ní apá kan tó ń ka èyí tó ti wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó kọ tuntun. Ìdí nìyẹn tí ogún àtijọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í yá. Àwọn àmì kan ń padà bọ̀ sípò láìpẹ́. H3K27me3 àti H3K9me3 (irú àmì methyl mẹ́ta kan náà, ṣùgbọ́n ní ipò kẹsàn-án) a máa fà á títí, nígbà mìíràn títí wọ inú ìyípo pípín sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀lé, kí ó tó pé bó ṣe wà. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kan tí gbogbo àmì rẹ̀ pé. Bí ẹni kan bá kó sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà jọ láìwo ibi tí wọ́n dé nínú ìyípo, tó wọn àmì yìí, tó sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ ọ́ sínú ìwé, èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé nọ́ńbà yẹn.

Ibi tí histone tuntun ti ń wá náà ní tirẹ̀. Nucleosome 30 mílíọ̀nù túmọ̀ sí histone 240 mílíọ̀nù láì ka H1. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń sìn ní láàbù máa ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ fún àdàkọ, láàárín ìgbà yẹn ló gbọ́dọ̀ ṣe irú iye yẹn tuntun: ìdajì mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ dín, torí DNA á wà níhòòhò. Kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, torí histone tí kò rí ibi jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ohun tí kò kàn án. Ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe histone, ìyẹn mRNA rẹ̀, kò ní ìrù A gígùn tí ti àwọn jíìnì yòókù ní. Èyí ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè pa á rẹ́ kíákíá. Bí a bá dá àdàkọ dúró lójijì, mRNA histone á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tí a fi ń dá a dúró ni hydroxyurea. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó wà lórí pẹpẹ wa nínú ìgò tó ní àmì ewu lára. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe lẹ́tà tí a fi ń kọ DNA lọ́wọ́. Lẹ́tà á wọ́n, oríta á dúró sójú kan. Láàbù Groth fi hàn pé bí oríta bá dúró báyìí, histone máa ń kó jọ sọ́wọ́ ASF1, títí kan àwọn àtijọ́ tó ru àmì. Wọ́n ti tú u kúrò níwájú, kò sì sí DNA tuntun tí wọn yóò dì í sí lẹ́yìn. Bí àdàkọ bá tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á wá àyè lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì ní fọwọ́ sọ̀yà pé kálukú á padà sí ibi tó ti wá. Mo ti wo sẹ́ẹ̀lì tí a dá dúró fún wákàtí kan àti èyí tí a dá dúró mọ́jú. Wọn kì í jọra nígbà tí a bá tú wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hydroxyurea yìí ni àǹtí mi kan tìtorí rẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, dókítà sì kọ oògùn tuntun fún un.

“Ìwọ tí o wà nídìí nǹkan wọ̀nyí,” ó ní, “kí ni wọ́n ń pè ní hydroxyurea?”

Mo ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun la fi ń dá àdàkọ DNA dúró níbí.”

“Ẹ gbà mí o! Ẹ wá fẹ́ dá DNA ọmọ mi dúró?”

Mo rọra ṣàlàyé. Mo ní ìwọ̀n tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo káńsù rẹ̀ kéré sí èyí tí a ń dà sí àwo sẹ́ẹ̀lì, kíndìnrín a sì máa gbé e jáde láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí náà oríta tó fà sẹ́yìn á tún máa rìn. Mo ní láti 1998 ni àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní àrùn yìí, pé nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ó ń mú kí ara padà máa ṣe irú hemoglobin tí ọmọ inú oyún ń lò, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa dà bí dòjé, pé ìrora tó máa ń gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀ á dín kù. Mo ní Nàìjíríà la ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù ní àgbáyé, pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ sí i máa rí oògùn yìí lò. Mo sì tẹnu mọ́ ọn pé torí pé ó ń kan sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, ó lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà bá ní kí wọ́n máa wá ṣe jáfara, bí ara ọmọ náà tilẹ̀ le koko.

Ó dákẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá kí ọmọ náà máa lò ó kó tó jẹun ni àbí lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Mo ní kí ó bi àwọn tó ń fúnni lóògùn ní ọsibítù.

“Gbogbo ìwé tí o kà yìí,” ó ní, “ìyẹn gan-an ni kò sí níbẹ̀?” Ó ní kí n kí àwọn ará ilé, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.